Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Lámèyítọ́ Lórí Àṣejù Nínú Ìyìn Iṣẹ́

Kò wọ́pọ̀ kí a rí ọmọ Yorùbá tí ó gba ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá tí kò mọ ewì iṣẹ́ tí J. F. Ọdúnjọ kọ sínú ìwé Aláwìíyé. Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń kọ́ ọ ní ìlú Minna níbí, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè ọya. Àwọn ọmọ a dìde dúró, wọn a ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn a sì kà á ní àkàsórí láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ohun tí ewì náà ń sọ kò ṣòkùnkùn: iṣẹ́ ni a fi ń lé òṣì jìnnà, ọrọ̀ òbí kò tó ohun tí ọmọ ń gbójú lé, apá ẹni ni ó ṣeé gbára lé, kí ọmọdé má sì fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò.

Ewì náà dára, n kò sì gbé kálámù láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ kò parí sí ibi pé kí a sọ pé ewì dára. Ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí akéwì ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí ó ń bá wí, àti ẹni tí ó ń lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé a ti yọ ìyìn iṣẹ́ kúrò ní ipò tí àwọn baba wa fi í sí, a sì ti sọ ọ́ di pàṣán tí a fi ń na ẹni tí ó ti rẹ̀. Àṣìlóye ni, ó sì ń pa ènìyàn.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí kò ti inú ìwé wá. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú yìí ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n fà mí lé olùkọ́ àgbà obìnrin kan lọ́wọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọmọ 47 ni ó wà ní kíláàsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ tí yóò wà lábẹ́ olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kí ó ju 35 lọ. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì tí ó tẹ̀lé tirẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, a kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọ̀hún mọ́ ti Màmá, gbogbo wọn sì di 83. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, Màmá a tún dúró kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé. Ní Sátidé, a tún wá. Ní alẹ́, a máa yẹ ìwé àwọn ọmọ wò títí ilẹ̀ fi ń fẹ́ẹ́ mọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé gbogbo, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a pè é jáde síwájú, a ní, “Ẹ wo òṣìṣẹ́! Láti ọdún méje, kò gba ìsinmi ọjọ́ kan.” Gbogbo wa a sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí mo mú padà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé irú olùkọ́ tí mo fẹ́ dà nìyẹn. Ní ìparí sáà, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tí ó pegedé jùlọ pẹ̀lú aago ara ògiri kan. Mo bá a gbé aago náà dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, aago ni wọ́n fún mi; àkókò gan-an ni n kò ní.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ewì iṣẹ́ yìí gan-an ni a kọ sára pátákó lọ́jọ́ náà. Màmá ka ìlà méjì, ó dákẹ́. Ó fẹ́ pe ọmọ kan láti máa kà á lọ, kò sì rántí orúkọ ọmọ náà, ọmọ tí ó ti ń kọ́ láti ọdún tí ó kọjá. Ó jókòó, ó gbé orí lé tábìlì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ga kọjá ààlà, pé díẹ̀ ni ó kù kí ó yọrí sí àrùn rọpá-rọsẹ̀. A dúpẹ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó ọmọ 83 náà lé èmi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá wá bá mi ní kíláàsì, ó ní kí n má fòyà, pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn.

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ fèsì sí. Inú ewì náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá yẹ ewì náà wò fínnífínní, a ó rí i pé ọmọdé ni akéwì ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó gbójú lé ohun ìní òbí ni, ọmọ tí ó fẹ́ sá fún ìwé. Ohun tí ó fi ṣe òdì-kejì iṣẹ́ ni ọ̀lẹ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn. Kò sí ibì kan tí ó ti fi ìsinmi ṣe ọ̀tá iṣẹ́. Kò ní kí òṣìṣẹ́ má sùn, kò sì ní kí ẹnì kan máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì nítorí pé ọ̀gá kò fẹ́ gba ẹnì kejì síṣẹ́. Ẹ tún kíyè sí ibi tí èrè iṣẹ́ ń lọ nínú ewì náà. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni. Òun ni yóò bọ́ lọ́wọ́ òṣì, òun náà ni aráyé yóò bọ̀wọ̀ fún. Bí iṣẹ́ bá wá ń sọ ẹni tí ń ṣe é di aláìsàn, tí owó oògùn sì ń sọ ọ́ di tálákà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí ewì náà yìn. Oògùn tí a bá lò ju bí ó ti yẹ lọ a máa di májèlé; a kò sì tìtorí èyí sọ pé oògùn kò dára.

Ìgbésí ayé akéwì fúnra rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ọdúnjọ, tí a bí ní ọdún 1904 tí ó sì kú ní ọdún 1980, olùkọ́ ni. Òun ni ó ṣaájú nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Kátólíìkì sílẹ̀. Nígbà tí ó sì bọ́ sínú ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ipò mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ ni ó dì mú. Ẹni tí ó kọ́ wa láti yin iṣẹ́ ni ó tún kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ kí a má baà rẹ́ wọn jẹ. Kò rí ìtakora kankan láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931.

Àwa tí a wà ní Minna kò tilẹ̀ gbọdọ̀ lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ìlú wa yìí ni ojú irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Baro wá ti pàdé, iṣẹ́ ojú irin ni ó sì kó púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá wá síhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lè pe àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní ọ̀lẹ. Síbẹ̀, ní ọdún 1945, nígbà tí ọjà gbówó lórí tí owó iṣẹ́ kò sì gòkè, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí Michael Imoudu ṣe aṣíwájú wọn wà lára àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ níyì, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ń ṣe é níyì jù ú lọ.

Bí a bá tún padà sẹ́yìn, sí ọ̀dọ̀ àwọn baba wa tí kò rí Aláwìíyé, ohun kan náà ni a ó bá níbẹ̀. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Òwe yìí kò dá oko lẹ́bi. Ohun tí ó sọ ni pé oko ní àbọ̀. Wọ́n tún ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ ń wo òṣì sàn, tí kò kọ́ ọ pé ìlera ni ó ń mú ọrọ̀ wá, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọ. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà ẹni kì í ṣe ọjọ́ oko. Bí iṣẹ́ bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, a kì í pè é jáde kí a máa yìn ín; ẹgbẹ́ àáró ni yóò bá a ro ó, tàbí kí ó bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, kí ó sì se oúnjẹ fún wọn. Ìwọ̀fà pàápàá, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ dúró fún gbèsè, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni olówó rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi hàn pé ìwọ̀fà ní iṣẹ́ tí a dá fún un. Bí ó bá ti ṣe é tán, ìyókù àkókò di tirẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá bí òṣìṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí lónìí kò bá ní ààyè tó ti ìwọ̀fà.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀kan kún un. Alẹ́ ni a ń pàlọ́. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a pa á ní ọ̀sán. Ibi tí àwọn ọdẹ ti jókòó ti ẹmu ni ìjálá ti ń dùn. Púpọ̀ nínú lítíréṣọ̀ tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níhìn-ín, inú ìsinmi ni a ti bí i. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn baba wa kò bọ̀ láti oko ni, kí ni à bá máa kọ́?

Gbólóhùn kejì tí ó yẹ kí a fi ojú lámèyítọ́ wò ni èyí tí gbogbo ará Nàìjíríà mọ̀, pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ó jọ àdúrà, ó sì jọ oríkì. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ẹni tí ń sọ ọ́, a ó rí i pé ẹni tí ó jẹ olùkọ́ lówó ni ó máa ń tètè rántí rẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀run ni èrè gómìnà wà, tàbí ti kọ́ńtírákítọ̀. Iṣẹ́ tí ìyìn ń ṣe níbí ni pé ó ń dúró ní ipò owó àti ní ipò ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yin Màmá tán, kò sí ẹni tí ó tún bèèrè olùkọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò èyí tí ó lọ. Ìyìn ti bo àyè náà mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ti gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún un láti sọ pé ó rẹ òun, nítorí orúkọ rere rẹ̀ ti di ẹrù mìíràn tí ó ń rù.

Ní ti pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ẹ̀rí wà tí ó tako ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, LUTH, ní Ìdí-Àrábà, ṣubú, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ni ó ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn bí 745,000 ni àrùn rọpá-rọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa káàkiri ayé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Àwọn ará Japan tilẹ̀ ní orúkọ fún ikú àṣejù iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní karoshi, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 2014 láti dènà rẹ̀.

Àárẹ̀ mìíràn tún wà tí kì í pani lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 1974 ni onímọ̀ ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Herbert Freudenberger, ti kọ nípa rẹ̀, láti inú ohun tí ó rí lára àwọn tí ń fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ àánú. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí iṣẹ́ ń fà bí wàhálà rẹ̀ bá pẹ́ lára ènìyàn láìsí àbójútó. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kà sí i: agbára a tán pátápátá, ọkàn òṣìṣẹ́ a kúrò lára iṣẹ́ tí ó ti fẹ́ràn rí, iṣẹ́ tí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá agbára rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ojú Màmá ni mo rí. Ó ti sọ fún mi rí pé òun kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọdé mọ́ bí òun bá délé, títí kan ti ọmọ-ọmọ òun. Èmi rò pé àwàdà ni.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1974, ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan láàárín rẹ̀. Ó ní kí ó sinmi fún ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ méje. Ó sì ní kí ó gba ìsinmi ọdọọdún. Ṣùgbọ́n bí òfin náà ti túmọ̀ òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú àti iṣẹ́ àbójútó sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí a ń yìn jù ni òfin yìí kò fi taratara dáàbò bò.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀lẹ pọ̀ láàárín wa, pé àwọn olùkọ́ kan wà tí wọn kì í dé kíláàsì, pé bí a bá ń wàásù ìsinmi, àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ ṣe àmín. Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ta ni ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀lẹ fi sílẹ̀? Àwọn bíi Màmá ni. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá sì ń ṣe é, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, kò sí ẹni tí yóò wá ọ̀lẹ lọ. Àṣejù iṣẹ́ ẹnì kan ni ó ń bo ọ̀lẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé àìní ni ó ń lé ènìyàn, kì í ṣe ìyìn. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni òfin ti fi owó oṣù tí ó kéré jùlọ sí 70,000 náírà. Gbogbo wa ni a sì mọ iye tí a ń ra ìrẹsì. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó rí àìní náà, tí ó sì fún un ní orúkọ akíkanjú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Minna yóò ti rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n ń gbé igi ìdáná lé èjìká bọ̀ láti oko. Wọn kì í rù ú sórí. Bí a bá bèèrè ìdí rẹ̀, a ó gbọ́ pé orí ni ọba ara, pé kò yẹ kí a di ẹrù lé ọba. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹrù tí ń bẹ ní èjìká wọn tó ẹrù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu ibi tí ẹrù kò gbọdọ̀ dé. Àwa Yorùbá tí a ń bọ orí, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣòro fún wa.

Láìpẹ́, àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni a óò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ewì iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn dáadáa, kí a sì fi òwe ilé làbọ̀ sinmi oko tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí pátákó kan náà. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ó ya ọ̀lẹ àti ẹni tí ó rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ti rí ìyá wọn lójú oorun mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wa yóò sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Kí irú wọn tó pe olùkọ́ jáde láti yìn ín, kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ọjọ́ tí ó sinmi kẹ́yìn.

Màmá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wá ní àkókò, ó ń kọ́ni dáadáa, ó sì ń lọ sílé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde. Kì í wá ní Sátidé mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ó ti di ọ̀lẹ. Èmi tí mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó ń kú lọ ni mo fẹ́ jẹ́rìí fún un lónìí pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Oko ni ó ti bọ̀.